Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wo ìmọ́lẹ̀ àríwá

Ẹ̀yin èèyàn mi, tírẹ́ẹ̀dì gígùn lèyí o. Bí ẹ bá ní gúgúrú nílé, ẹ gbé e sún mọ́ ọ̀dọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ojú ọ̀run aláwọ̀ ewé ń jó bí aṣọ tí wọ́n sá sójú afẹ́fẹ́, yìnyín funfun báláú nílẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa ń juwọ́ sókè. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Tromsø, oṣù Kejìlá, alẹ́ méjì. Mo ti rí bàálù olówó pọ́ọ́kú. Ṣé o ń bọ̀?"

Mo ní kó má tíì sanwó. Ó ní àbí òtútù ló ń bà mí lẹ́rù ni. Ó tì o. Mo ti lọ rí ni. Oṣù Kejì ọdún tó kọjá, alẹ́ méjì náà ni mo lọ lò ní Tromsø. Owó tí mo fi oṣù mẹ́fà kó jọ nídìí iṣẹ́ òru ni. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run. Alẹ́ kejì, awakọ̀ wa wà wá jìnnà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnubodè Finland, ìkùukùu náà tẹ̀ lé wa débẹ̀. A mu ṣokoléètì gbígbóná, a padà sílé. Fọ́tò tó dáa jù tí mo gbé bọ̀ láti ìrìn àjò yẹn ni ti ife ṣokoléètì.

Ó dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Kì í ṣe ìwé lórí ojú ọjọ́ o, ìwé lórí àwọn èèyàn ni mo ń wá. Kí bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò tó wà, kí ẹnikẹ́ni tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ méjì, àwọn wo ló lọ wo ìmọ́lẹ̀ yìí? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dúró? Kí ló ná wọn? Ohun tí mo kà ló tú ètò mi ká, tó sì tún un tò. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ibi tí nǹkan náà ń gbé, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé bí èèyàn bá ṣe ń lọ sí àríwá tó ló ṣe máa rí i tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà rí roboto, bí òṣùká tí ayé gbé ka orí. Òṣùká yìí gba òkè Nọ́wè, Sweden àti Finland kọjá, ó gba Iceland àti gúúsù Greenland, ó lọ sí òkè Kánádà, ó dé Alaska, ó gba òkè Rọ́ṣíà padà. Ẹni tó bá lọ dúró sí góńgó orí ayé gan-an ti kọjá rẹ̀. Àárín òṣùká ló wà, níbi tó ṣófo.

Ó tún ga. Bàálù tó ń gbé wa kiri kì í sábà fò ju kìlómítà 12 lọ sókè. Ìmọ́lẹ̀ yìí wà ní nǹkan bíi kìlómítà 100, ó sì ń lọ sókè sí i. Ìkùukùu ní tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbí pẹ̀lú wa. Ìyẹn ni pé lálẹ́ tí mo ń mu ṣokoléètì tí mo ń fajú ro yẹn, ó ṣeé ṣe kó máa jó lókè orí mi gan-an.

Àwọn Sámi ló ti ń gbé abẹ́ òṣùká yìí láti ayébáyé, àwọn tó ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù. Wọn ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì kankan láti rí i, àwọn àgbà wọn ò sì fẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má súfèé sí i, kó má juwọ́ sí i, kó má baà sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Nílé tiwa, ẹni tó bá súfèé lóru, ejò ló ń pè. Ìyá mi àti àwọn ìyá Sámi ì bá jọ ṣe ẹgbẹ́ dáadáa. (Ẹ sì rántí ọmọbìnrin tó ń juwọ́ nínú fídíò yẹn.)

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni Sophus Tromholt, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Dẹ́nmáàkì. Lọ́dún 1882, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan pawọ́ pọ̀ láti fi ọdún kan gbáko ṣọ́ ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀run lápá òkè ayé. Nọ́wè gbé ibùdó tiwọn sí Bossekop, níbi tí wọ́n ń pè ní Alta lónìí. Tromholt ní tirẹ̀ lọ sí Kautokeino, nílẹ̀ àwọn Sámi, ó jìnnà sí Bossekop ní nǹkan bíi kìlómítà 100. Ọgbọ́n tó fẹ́ dá ni pé kí òun àti àwọn ará Bossekop jọ wo ìmọ́lẹ̀ kan náà lásìkò kan náà láti ibi méjì, kí wọ́n lè ṣírò bó ṣe ga tó.

Ó gbé kámẹ́rà dání. Ó lo gbogbo ìgbà òtútù yẹn níbẹ̀, alẹ́ dé alẹ́, ó ń wojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ náà ń jáde, ó ń rí i, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn ò lágbára tó. Kò rí fọ́tò kankan yà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wá ṣe? Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń yà. Àwọn Sámi, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ kálukú tó kọ sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń ya irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni bí ẹni ń ya ẹranko, wọ́n á ní kó kọjú, wọ́n á ní kó kọ̀gbẹ́, wọ́n á máa wọn orí rẹ̀. Ti Tromholt ò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó ní ilé, tó ní ìran, ló wà nínú fọ́tò rẹ̀. Ní 2013, UNESCO fi àwọn fọ́tò yẹn sínú àkójọ ohun ìrántí gbogbo ayé. Ìmọ́lẹ̀ ló bá lọ, ojú èèyàn ló gbé bọ̀. Èmi gbé ife ṣokoléètì bọ̀ ní tèmi.

Àwọn tó wá rí ìmọ́lẹ̀ náà yà gan-an ni ará Jámánì méjì, Martin Brendel àti Otto Baschin, ní Bossekop kan náà, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892. Nígbà tó fi máa di 1910, Carl Størmer, ọmọ Nọ́wè, ti ń to kámẹ́rà méjì síbi méjì tó jìnnà síra, ó fi tẹlifóònù so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè ya ìmọ́lẹ̀ kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí wọ́n ṣe wá mọ gíga rẹ̀ dájú nìyẹn. Kìlómítà 100 tí mo sọ lókè yẹn, ọ̀pọ̀ alẹ́ òtútù ló wà nínú rẹ̀ o.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Ṣebí May 2024, inú ilé wa nílùú Ọba la ti rí i?" Òótọ́ ni. Alẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2024, oòrùn tú ìjì sílẹ̀, òṣùká náà fẹ̀, ó yọ̀ wálẹ̀ dé iwájú orí ayé, wọ́n rí i káàkiri England, wọ́n rí i dé Florida. Gbogbo ojú ewé Instagram ló di aláwọ̀ pọ́nkì. Èmi ńkọ́? Mo sùn. Fóònù mi wà ní ṣẹ́ẹ́. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo rí mẹ́séèjì 47. Ẹ má bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Irú rẹ̀ tó burú jù tí ìwé sọ ni ti 1859. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, Richard Carrington, ará England tó máa ń ya àwòrán àwọn àmì dúdú ojú oòrùn, rí iná funfun méjì tó bù jáde lójú oòrùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ojú ọ̀run ti gbaná. Wáyà tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láyé ìgbà yẹn ń ta iná sí àwọn òṣìṣẹ́ lára. Láàárín Boston àti Portland ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ bátìrì kúrò lára ẹ̀rọ, iná tó ti ojú ọ̀run wá ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì.

Ìmọ́lẹ̀ ti ọdún yẹn dé Kúbà. Andrés Poey, tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run ní Havana, kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ìwé náà kalẹ̀, mo dìde, mo lọ mu omi. Ẹ rò ó wò. Ní 1859, ilẹ̀ Kúbà kún fún àwọn èèyàn wa, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí, tí ogun ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ìṣubú Ọ̀yọ́ fà lé àwọn olówò ẹrú lọ́wọ́. Wọ́n ń gé ìrèké níbẹ̀. Oko ẹrú ò sì parí ní Kúbà títí di 1886. Àwọn tó mọ Ṣàngó, tó mọ ohun tí iná ojú ọ̀run túmọ̀ sí lọ́dọ̀ tiwọn, ni òru pọ́n lé lórí. Poey ní tábìlì, ó ní kálámù, ó ní ẹni tó máa tẹ ìwé rẹ̀. Mo ṣì ń ro ti àwọn tó wà nínú oko ìrèké.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Nọ́wè, torí ọkùnrin tó wà nídìí ìtàn yìí gan-an kò tíì jáde.

Orúkọ rẹ̀ ni Kristian Birkeland. Wọ́n bí i ní 1867, nílùú tí wọ́n ń pè ní Oslo báyìí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó pé ọdún 31. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé láti ojú oòrùn ni àwọn èérún kéékèèké tó ní iná mànàmáná lára ti ń já wá, pé òòfà tó wà nínú ayé ló ń fà wọ́n lọ sápá òkè àti ìsàlẹ̀, pé bí wọ́n bá ti kọlu afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń tàn. Lónìí, ọmọ JSS lè kọ èyí nínú ìdánwò. Láyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn ńlá ni.

Ó wá kọ́ ayé kékeré tirẹ̀ sínú yàrá ìwádìí. Ó mú bọ́ọ̀lù tó fi òòfà sínú rẹ̀, ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì, ó fa afẹ́fẹ́ inú àpótí náà jáde, ó sì ta iná mànàmáná sí i. Òrùka ìmọ́lẹ̀ yọ yí òkè àti ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù náà ká. Òṣùká wa nìyẹn, nínú àpótí!

Ẹlòmíì ì bá dúró síbẹ̀, kó máa gba oríyìn. Birkeland ní òun fẹ́ lọ bá a nílé rẹ̀.

Nínú ọ̀kan lára ìrìn àjò àkọ́kọ́ tó ṣètò lọ sórí òkè nítòsí Alta, ìjì yìnyín bá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, Bjørn Helland-Hansen. Òtútù jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé wọ́n gé lára ìka rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ! Ó fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, ó lọ kọ́ nípa omi òkun, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí ayé mọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yẹn. Ó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìka ò padà.

Birkeland ò dẹ̀yìn. Ní 1899, ó kọ́ ilé olókùúta sórí òkè Haldde, nǹkan bíi 900 mítà sókè ju ojú omi lọ, níbi tí atẹ́gùn ti ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Òun àti àwọn tó bá a lọ lo ìgbà òtútù 1899 sí 1900 lórí òkè yẹn. Kì í ṣe alẹ́ méjì o, ìgbà òtútù kan odindi. Kí ó tó parí, yìnyín ya láti orí òkè, ó bo Elisar Boye, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà pẹ̀lú wọn. Ó kú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe mí bíi pé kí n bi àwọn àgbà pé: tó bá jẹ́ ẹnu àáké ẹlòmíì ló fọ́ ńkọ́?

Ní 1902 sí 1903, ó pín àwọn èèyàn rẹ̀ sí ibùdó mẹ́rin: ọ̀kan ní Nọ́wè, ọ̀kan ní Iceland, ọ̀kan ní Spitsbergen, ọ̀kan ní Novaya Zemlya lápá Rọ́ṣíà. Gbogbo wọn ń ṣọ́ òòfà ayé lákòókò kan náà. Ẹ wo bí òun náà ṣe ń lo ọgbọ́n Tromholt, àmọ́ ó ti fẹ̀ ẹ́ dé òpin ayé.

Gbogbo eléyìí, owó ni. Ibi tí ìtàn yẹn ti pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Ó dá ọgbọ́n pé òun á ṣe ìbọn ńlá tó ń fi iná mànàmáná yìn, òun á tà á, òun á fi owó rẹ̀ ṣe ìwádìí. Ní 1903, ó pe àwọn èèyàn pàtàkì jọ sí yunifásítì, ó ní kí wọ́n wá wò ó. Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná bù, ariwo sọ, èéfín gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ìbọn kú. Ṣùgbọ́n iná tó bù yẹn ni wọ́n fi ronú kan ọ̀nà láti fa náítírójìn jáde látinú afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀. Òun àti oníṣòwò kan, Sam Eyde, ló jọ ṣe é, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Norsk Hydro ti jáde ní 1905. Ó ń wá owó láti wo ojú ọ̀run, ó bá ajílẹ̀ pàdé nílẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ò dùn. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó lọ gbé ní Íjíbítì lọ́dún mélòó kan, ó ṣì ń wojú ọ̀run níbẹ̀, ó ń lo oògùn oorun tí wọ́n ń pè ní Veronal. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1917, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tokyo. Oògùn náà ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ọmọ ọdún 49 ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀ lé e, pàápàá àwọn ti England, ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí sátẹ́láìtì gòkè lọ ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tó bá ìṣàn iná mànàmáná náà lókè lọ́hùn-ún, níbi tó ní ó wà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Nọ́wè tẹ ojú rẹ̀ sórí owó 200 kroner. Ilé orí òkè Haldde ní tirẹ̀, àwọn ìdílé pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ gbé ibẹ̀ títí di 1926. Àwọn ọmọ ogun Jámánì dáná sun ún ní 1944 nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Wọ́n ti tún un ṣe. Èèyàn lè gòkè lọ wò ó lónìí, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á.

Mo ka gbogbo èyí tán, mo ní: ó dáa, àmọ́ àwọn òyìnbó tí ìjọba ń fún lówó nìyí. Ẹni tó dà bíi tiwa ńkọ́? Ẹni tó ní láti tọrọ àyè kó tó wọ ìlú onílùú?

Ó wà. Ọmọ Tógò ni.

Tété-Michel Kpomassie. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, àmọ́ aládùúgbò wa ni. Wọ́n bí i ní 1941. Ó wà ní ọ̀dọ́mọdé nígbà tó gun igi àgbọn, ó bá ejò pàdé lókè, ó já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá abọrẹ̀ kan tó ń bọ òjòlá nínú igbó. Ara rẹ̀ yá. Owó ìtọ́jú ni pé ọmọ náà máa padà wá, òun náà á wá di abọrẹ̀ òjòlá. Nígbà tó ń gbádùn bọ̀ nílé, ó rí ìwé kan rà ní Lomé nípa àwọn ará Greenland. Ilẹ̀ tí kò sí igi. Ilẹ̀ tí kò sí ejò! Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní lọ?

Ó kúrò nílé. Gánà, Ivory Coast, Senegal, ó ń ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe ń rìn, ó ń kọ́ èdè nípa lẹ́tà. Ó dé Faransé, ó dé Jámánì, ó dé Dẹ́nmáàkì. Ó fi ọdún mẹ́jọ rin ọ̀nà yẹn. Ní 1965, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Julianehåb ní gúúsù Greenland, tí wọ́n ń pè ní Qaqortoq báyìí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo èbúté dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ kan sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá wọn. Kò dúró fún alẹ́ méjì. Ó ju ọdún kan lọ tó fi gbé láàárín wọn, ó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, ó bá wọn la òkùnkùn ìgbà òtútù kọjá. Ìwé tó fi sọ ìtàn náà jáde ní 1981 lédè Faransé, orúkọ rẹ̀ ni L'Africain du Groenland. Bí ẹ bá lè rí i, ẹ kà á kí ẹ tó ra jákẹ́ẹ̀tì.

Ní Greenland, àwọn ará ibẹ̀ ní òkú ọ̀run ló ń gbá bọ́ọ̀lù bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ń sá síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní orí ẹranko òkun ńlá kan, walrus, ni wọ́n ń gbá.

Ó dáa. Ètò tèmi rèé báyìí.

Ìwé ìgbélùú mi nílùú Ọba parí ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún un ṣe. Àwọn tó ń fúnni ní físà Schengen sì sábà máa ń fẹ́ kí ìwé yẹn ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí èèyàn bá padà dé. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò lè kọjá oṣù Kẹta. Ìgbà òtútù yìí nìkan ló dá mi lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tì tiwa, ẹ ṣe ìṣirò yín kí ẹ tó wo iye bàálù. Físà náà jẹ́ 90 yúrò, ẹ sì lè kọ̀wé fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹni tó bá ń lọ sí Greenland, físà Dẹ́nmáàkì lásán kò tó o, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ Greenland sára rẹ̀. Spitsbergen ò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà Nọ́wè ni bàálù ń gbà lọ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà físà tó gbà yín láyè láti wọlé lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ gbà. Ọ̀pọ̀ ti há síbẹ̀ yẹn.

Oṣù Kẹta ni mo mú. Oòrùn ń ga, ó sì ń rọ̀ ní ìyípo ọdún 11. Oṣù Kẹwàá 2024 ni NASA àti NOAA kéde pé ó ti wọ ìgbà tí agbára rẹ̀ ga jù, àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ò sì burú. Láàárín ọdún, ìgbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ni òòfà ayé máa ń ṣílẹ̀kùn fún un jù. Mo wo kàlẹ́ńdà òṣùpá pẹ̀lú, mo yẹra fún òṣùpá àrànmọ́jú.

Ibi tí mo mú ni Abisko, ní òkè Sweden. Àwọn òkè tó wà lápá Nọ́wè máa ń gba òjò àti yìnyín sára kó tó débẹ̀, nítorí náà ojú ọ̀run ibẹ̀ máa ń mọ́ ju ti etíkun lọ. Ọkọ̀ ojú irin òru kan wà láti Stockholm tó ń kọjá níbẹ̀, ó rọlẹ̀ ju kéèyàn máa pààrọ̀ bàálù lọ. Alẹ́ méje. Owó alẹ́ méje ní ilé àlejò oníbẹ́ẹ̀dì púpọ̀, tí a ń fọwọ́ ara wa dáná, ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti alẹ́ méjì mi àtijọ́ lọ, torí bọ́ọ̀sì tó ń lé ìmọ́lẹ̀ kiri ló kó gbogbo owó yẹn lọ. Ní Abisko, a jáde síta, a wòkè.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀, kí ọkàn yín má baà bàjẹ́: fóònù ń rí ju ojú lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ò bá lágbára, funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni ojú máa rí i, bí ọyẹ́ tó wọ̀lú. Ẹni tí fídíò bá ti tàn jẹ lè dúró sábẹ́ rẹ̀ kó máa wá a.

Àbúrò mi ló ń bá mi lọ. Ó ti béèrè bóyá a máa súfèé. Mo ní tó bá ti ilé ẹlòmíì wá, kó súfèé, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ni.

Ọ̀rẹ́ mi onífídíò ti fagi lé oṣù Kejìlá, ó ní òun náà ń bọ̀ ní oṣù Kẹta tí ọ̀gá rẹ̀ bá gbà fún un. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wọ́n ní ká wá tẹ̀ka fún físà. Mo máa padà wá sábẹ́ ibí yìí wá sọ bó ṣe lọ.